Ọmọ Olórin Tí Kò Mọ Orin Kọ

Inú ilé ìdáná wa àtijọ́ ni mo bá ara mi, èyí tí wọ́n ti wó tipẹ́tipẹ́. Ó dúró gbọn-ín. Èéfín tó ti kun ògiri rẹ̀ dúdú láti ayé ìyá ọkọ mi ṣì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní òrùlé, kò sì sí ojú ọ̀run níbi tó yẹ kí òrùlé wà. Funfun kan báyìí ló wà lókè, ó dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì. Iná ń jó nínú ààrò. Mo na ọwọ́ sí i kí n yá a, àfi bí ẹni pé mo ti ọwọ́ bọ inú àmù. Iná náà tutù. Ìkòkò orí rẹ̀ ń hó, mo ń fi ojú mi rí i, ìdérí rẹ̀ ń fò sókè, ó ń padà, kò sì dún.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ mí. Ibi tí kò bá ti sí ariwo, èmi ni mo máa ń fi orin sí i. Mo ya ẹnu kí n dá orin. Ẹnu yà, ọ̀fun ṣí, orin kò jáde. Ẹ̀rù bà mí ju ti iná tó tutù lọ. Mo ní, ó parí, wọ́n ti gba ohùn lọ́wọ́ mi, ó kù kí wọ́n gba ìyókù.

Ìgbà náà ni mo rí i. Ó jókòó sórí àpótí, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń sẹ́ ògì. Ó ti so aṣọ asẹ́ mọ́ ẹnu garawa, ó ń bu omi lé e, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún rò ó yíká yíká bó ti máa ń ṣe, ìgúnpá rẹ̀ yọ síta bí ìyẹ́ adìyẹ tó fẹ́ jà. Mo mọ ìgúnpá yẹn. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò tíì ju àtàǹpàkò lọ.

"Màámi, ẹ káàbọ̀," ó ní, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ẹ má jókòó sórí ìyẹn, ó tutù."

"Ìbíwùmí," mo ní. Ọ̀rọ̀ jáde, orin nìkan ni kò jáde. "Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ta ló tún ń da omi sílẹ̀ báyìí nínú ilé yín?"

Mo wo ilẹ̀. Omi ti kún ibẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. "O ò tíì jáwọ́ nínú omi dídà sílẹ̀."

"Ikú kì í kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ ilé," ó dáhùn.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀rín pa mí lójú oorun. Ọmọ mi wá kí mi, ó sì mú ẹnu rẹ̀ burúkú yẹn wá.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ. Ìbíwùmí ni ọmọ obìnrin kan ṣoṣo tí mo bí. Ó lọ bímọ, ọmọ náà dé ilé, òun kò bá a dé. Ọmọ náà ni Rẹ̀mílẹ́kún tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, èyí tí oyún tirẹ̀ náà ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀ báyìí. Ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe òkú ọ̀fọ̀ nílẹ̀ wa. Ìyá kì í tẹ̀lé wọn. Ìyá kì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí títí yóò fi kú. Wọ́n mú mi wọ yàrá, wọ́n fa ilẹ̀kùn dé. Nígbà tí wọ́n ṣí i, gbogbo aṣọ rẹ̀ ti kúrò lórí okùn. Bàbá Olórí Ẹbí wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá Ìbí, orin kò sí fún irú èyí. Gbé e mì." Láti ọjọ́ náà, Ìyá Rẹ̀mí ni wọ́n ń pè mí. Èmi tí mo fi orin sin gbogbo arúgbó àdúgbò yìí wọlẹ̀, tí mo fi orin gbé ìyàwó dé ilé ọkọ, n kò kọ ìlà orin kan fún ọmọ mi. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa.

Ṣùgbọ́n ojú àánú ni wọ́n fi dákẹ́, ọmọ kékeré kò mọ ìyẹn. Láìpẹ́ yìí ni Rẹ̀mí gbé ikùn rẹ̀ wá jókòó tì mí. Ó ní, "Màmá, kí ni ìyá mi ṣe?"

Mo ní, "Kí ló ṣe báwo?"

Ó ní, "Nǹkan tó burú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu yín kò gbà á. Ẹ sọ fún mi. Bí ohun tó mú un lọ bá mú èmi náà lọ, ṣé n óò débẹ̀ n kò ní lè mọ̀ ọ́ láàárín èrò?"

Ẹ wò ó, ìwé kejì ni mo kà kí wọ́n tó yọ mí nílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n Tíṣà Bọ́látitó tó kó àwa ìyá jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní kí a máa kọ ìtàn tiwa sílẹ̀, ó ti tún ọwọ́ mi ṣe. Mo ní, ohun tí ẹnu kò gbà, ọwọ́ á gbà á. Mo kọ ọ́. Mo fi gbogbo oríkì ilé wa sí i. Mo pè é ní ọmọ òkè tí a kì í wọ bàtà gùn, ọmọ ẹlẹ́ṣin tó ń fi ojú kí èèyàn. Mo ní ohùn rẹ̀ dùn bí ti ẹyẹ ìbákà. Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ìyá Gbóyèga tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sunkún. Mo mú un lọ sílé, Rẹ̀mí kà á, ó ṣẹ́ ẹ po dáadáa, ó ní, "Ó dùn, Màmá," ó sì dìde lọ fọ abọ́.

Ó dùn. Mo mọ̀ pé ìyà ni mo fi jẹ ẹ́, n kò kàn mọ bí mo ṣe fi jẹ ẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lọ́kàn mi tí oorun ọ̀sán fi gbé mi lórí ẹní, tí mo fi bá ara mi nídìí iná tó tutù.

Ebi ń pa mí níbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé n kò tíì jẹun rí láyé. Ògì tó ń kán wọ inú garawa funfun báláú. Mo ní, "Bu díẹ̀ fún mi."

Ó fi ọwọ́ òsì fa garawa sẹ́yìn. "Ẹ má fẹnu kàn án. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi pé a kì í jẹun lójú oorun?"

"Bí mo bá jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ óò bá mi lọ."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," mo ní.

Ìgbà náà ló tó yíjú sí mi. Kò dàgbà rárá. Èmi ni mo dàgbà. Mo dà bí ìyá ìyá rẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Màámi."

"Kí ni mo tún ń ṣe láyé, Ìbí? Eyín ti tán. Àwọn tí mo ń kọrin fún ti wọlẹ̀ tán. Jẹ́ kí n mu tèmi."

"Ẹ ò tíì kọ mí tán."

"Mo ti kọ ọ́! Tíṣà pàtẹ́wọ́!"

"Mo gbọ́," ó ní, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n kà á dé ọ̀dọ̀ wa. Ìbákà! Màámi, ẹ wo ojú mi. Èmi? Ìbákà? Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń ní kí n jẹ́ kí adìyẹ kọ́kọ́ wọlé kí n tó dá orin, kí wọ́n má baà yé ẹyin láìpé ọjọ́?"

Mo ní, "A kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa."

"Ta ló ní kò dáa? Ohùn mi ni. Ọ̀kan náà tí mo ní nìyẹn. Oríkì tí ẹ kọ yẹn, ẹ gbé e wọ ẹ̀gbọ́n yín, yóò bá a mu. Ẹ gbé e wọ Bàbá Olórí Ẹbí, yóò bá a mu, tí gbogbo wa sì mọ̀ pé èèyàn líle ni. Agbádá ilé wa ni, ẹni tó bá dé ló ń wọ̀ ọ́. Rẹ̀mí ń wá mi nínú rẹ̀, apá aṣọ lásán ló ń dì mú."

Ó bu omi, ó dà á lé orí asẹ́.

"Kí ni mò ń ṣe yìí?" ó bi mí.

"O ń sẹ́ ògì."

"Ṣé mo kọ́kọ́ sẹ́ àgbàdo kí n tó lọ̀ ọ́ ni?"

"Wèrè ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ kú wèrè o, gbogbo ẹ̀yin ìyá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ ti ń sẹ́ ẹ. Ṣé ó yẹ ká sọ ọ́? Ṣé ọkọ kò ní bínú? Ṣé ẹbí kò ní gbọ́? Ẹ lọ̀ ọ́ ná, Màámi. Ẹ lọ̀ ọ́ tèèpo tèèpo. Asẹ́ kò lọ síbì kan, ó ń dúró dè yín."

"Nígbà wo ni n óò ráyè? Igi wà nílẹ̀, omi wà nílẹ̀, ọmọ yìí fẹ́ bímọ."

"Nígbà wo lẹ máa ń ráyè kọrin?"

"Orin kì í dúró de àyè. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́ ni mo máa ń kọ ọ́."

"Ẹ̀yin náà sọ ọ́. Bí gbólóhùn kan bá bá yín nídìí ẹ̀fọ́, ẹ máa kọ ọ́ lórin, ẹ máa yí i lẹ́nu títí ọwọ́ yín yóò fi gbẹ, kí ẹ wá gbé e sílẹ̀ sórí ìwé. Ṣé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ ń dúró dè? Ẹ wo ibi tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà." Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ júwe ìkòkò tó ń hó láìdún. "Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn."

Èmi náà wo ìkòkò ọ̀hún. Òtútù mú mi.

Mo ní, "Bí mo bá wá sẹ́ ẹ tán, tí èérí rẹ̀ ga bí òkìtì ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ ta ló kọ èérí? Ohun tí kò bá wọ ìwé tèmi, á wọ ti ẹlòmíràn, ẹ fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ògì fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tòrò. Ẹ dé e, kí ẹ gbójú kúrò lára rẹ̀. Ìgbà mélòó lẹ na ọwọ́ mi nítorí pé mo ń ṣí i wò?"

"O burú jù. Ìwọ á ṣí i, ìwọ á tún ti ìka bọ̀ ọ́."

"Ẹ̀yin náà ń ti ìka bọ̀ ọ́ báyìí. Ẹ kọ ọ́ láàárọ̀, ẹ ti fẹ́ kí Tíṣà pàtẹ́wọ́ kí oòrùn tó gbóná. Omi orí rẹ̀ lẹ gbé fún un mu."

Bẹ́ẹ̀ ló ń na ìyá rẹ̀ lẹ́gba ọ̀rọ̀, tí inú mi ń dùn. Kò sí ẹni tó bú mi lábùúdùn báyìí láti ìgbà tó ti lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lọ́fun mi bí egungun ẹja, mo mọ̀ pé bí n kò bá yọ ọ́ níbẹ̀ n kò ní yọ ọ́ mọ́. Mo ní, "Ikú rẹ, Ìbí. Ọmọ rẹ fẹ́ mọ̀ ọ́. Èmi kò sì mọ̀ ọ́. Wọn kò jẹ́ kí n rí i."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú asẹ́.

"Kí lẹ rí?"

"Ilẹ̀kùn ni mo rí. Ilẹ̀kùn yàrá mi, láti inú."

"Ẹ kọ ilẹ̀kùn."

"Sálúbàtà rẹ kan wà lábẹ́ ibùsùn. Òun ni wọn kò rí kó."

"Ẹ kọ sálúbàtà."

"Mo gbọ́ tí wọ́n ń wá ṣọ́bìrì. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n rọra, kí Ìyá Ìbí má gbọ́. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́."

Ìdérí ìkòkò ń fò sókè, ó ń padà.

"Ẹ kọ ṣọ́bìrì," ó ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Kí ẹ wá kọ ọ́ pé ẹ ò mọ ìyókù. Ẹ má fi orin dí ihò náà, Màámi. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Rẹ̀mí náà yóò rí i, yóò sì mọ̀ pé ẹ ò fi ohun kan tí ẹ ní lọ́wọ́ pamọ́ fún òun."

"Níbo ni wọ́n sin ọ́ sí?"

Ó tún ti ọwọ́ bọ asẹ́. "Ẹ wo ọwọ́ mi," ó ní. "Ibí yìí ni kí ẹ máa wò."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wò ó. Àpá ọ̀bẹ wà lórí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀, mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá, ọjọ́ tó fẹ́ fi ipá gé ìbẹ́pẹ tí kò pọ́n. Kò sí nínú oríkì.

"Rẹ̀mí ń kọrin?" ó bi mí lójijì.

"Hùn-ún. Ó ń kọ ọ́. Ọlọ́run nìkan ló mọ orin tó jẹ́. Gbogbo ilé ní, ta ló fi ohùn yìí jọ nínú ilé olórin? Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í kọ ọ́ mọ́ bí èèyàn bá wà nítòsí."

Ìbíwùmí rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ògì funfun kù sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ló bá gbé orin. Orin ògì tí mo ṣẹ̀dá fún un nígbà tó wà ní kékeré:

*Sẹ́ ẹ o, sẹ́ ẹ jẹ́ẹ́,*
*Ògì funfun, sẹ́ ẹ jẹ́ẹ́,*
*Ìyá arúgbó kò léyín mọ́,*
*Má jẹ́ kí èérí há a lọ́fun.*

Ó burú! Yéè, ó burú. Níbi "jẹ́ẹ́" tó yẹ kí ohùn ti rọra sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló máa ń gùn ún lọ sókè bí ewúrẹ́ tó rí àkàsọ̀. Bó ti ṣe é láti kékeré náà nìyẹn, bí mo ti lu ọwọ́ mọ́ ẹsẹ̀ fún un tó, kò yí i padà. Mo ya ẹnu kí n tún un ṣe fún un. Ohùn mi kò jáde. Mo ní láti dákẹ́ kí n gbọ́ ọ tán. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ orin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjá lù ú.

Bó ti ń gùn ún lọ sókè lẹ́ẹ̀kejì, ìkòkò dún. Iná tó tutù ta mí lọ́wọ́, ó gbóná gidi, mo fa ọwọ́ yọ.

Mo jí.

Orí ẹní ni mo wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ti yí dé ẹsẹ̀ mi. Bírò wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ti tẹ ojú ihò sí i. Ṣùgbọ́n orin náà kò dá. Mo pa ojú dé, mo là á, ó ń bá a lọ. *Sẹ́ ẹ o, sẹ́ ẹ jẹ́ẹ́.* Mo ní, háà, mo mà ti jẹ ògì náà, mo ti bá a lọ.

Mo fi ọwọ́ ti ògiri, mo dìde, mo yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Rẹ̀mí ló jókòó nídìí garawa, ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kó tẹ̀ síwájú, ìgúnpá rẹ̀ yọ síta bí ìyẹ́ adìyẹ. Omi ti kún ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rò pé mo ti sùn lọ fọnfọn. Lọ́dọ̀ mi ló ti kọ́ orin náà, èmi sì ni mo kọ ọ́ fún un bó ti tọ́. Kò gbọ́ ti ìyá rẹ̀ rí. Kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní àṣìṣe yẹn. Ó dé ibi "jẹ́ẹ́," ó sì gùn ún lọ sókè.

Ó rí mi, ó gé orin. "Màmá, mo jí yín. Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ohùn mi ò—"

"Má dákẹ́," mo ní.

"Ẹ̀n?"

"Mo ní má dákẹ́. Gùn ún lọ."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Mo padà sórí ẹní, n kò dúró de ìdákẹ́jẹ́ẹ́, n kò dúró de Bàbá Olórí Ẹbí. Mo kọ ọ́ gbàgà-gbàgà pé: *Ìbíwùmí ni orúkọ ìyá rẹ. Kò mọ orin kọ rárá, ó sì ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Níbi tí gbogbo ayé ti ń sọ̀ kalẹ̀, òun á gun òkè.*

Rẹ̀mí ti tẹ̀lé mi wọlé, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń mí gule-gule. Ògì kán láti ìka rẹ̀ sórí ìwé. Ó ka ìlà àkọ́kọ́ jáde, orúkọ náà, nínú ilé wa, ketekete. Kò rántí pé abọ́ wà nílẹ̀ tí òun lè lọ fọ̀. Ó jókòó tì mí, ó gbé orí lé èjìká mi, ó sì ń wo ọwọ́ mi.

N kò nu ògì náà kúrò. Mo fo ìlà kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ilẹ̀kùn.